Èmi Ni Mo Pa Béárìn, Ẹni Tó Tà Á Ni Wọ́n Bú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí, ẹ má wá orúkọ mi kiri. Àdúgbò wa kéré, ẹnu ibẹ̀ ló gbòòrò. Tí ẹ bá fẹ́, ẹ fi ìtàn mi kọ́gbọ́n. Tí ẹ bá fẹ́, ẹ fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn ará ilé mi ti ń ṣe méjèèjì, kò sì tíì rẹ̀ wọ́n.

Èmi ni mo ń tọ́jú ẹ̀rọ ní ilé ìfọṣọ àbúrò ìyá mi. Àǹtí ni mò ń pè é. Òun ló tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn tí ìyá mi kú, òun ló rán mi lọ kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ, òun náà ló sì gbà mí síṣẹ́ nígbà tí gbogbo àwọn tó mọ bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ò rí àyè. Opó ni. Ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀ la ti ń fọṣọ, òkè ló ń gbé.

Aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì àti ti ilé ìwòsàn là ń fọ. Ẹ̀rọ ńlá kan ló ń fọ wọ́n, ikùn rẹ̀ gba ọkùnrin mẹ́ta tó sanra, bí wọ́n bá gbà láti wọlé. Mọ́tò iná ló ń yí i. Ẹ má rò pé ọkọ̀ ni mò ń wí o. Mọ́tò iná, èyí tó dà bí àgbá kékeré tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Ọ̀pá irin kan yọ jáde lára mọ́tò náà, ṣáàfù là ń pè é. Púlì, irin rìbìtì kan, wà lórí ṣáàfù, bẹ́líìtì rọ́bà kọ́ púlì, ó sì lọ kọ́ ẹ̀rọ. Béárìn méjì, òrùka irin tó ní ọta kéékèèké nínú kí ṣáàfù lè máa yí fẹ́rẹ́, ló gbé e ró: ọ̀kan níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ púlì, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹ fọkàn sí ti ẹ̀yìn yẹn. Òun ló padà dójú tì mí.

Bẹ́líìtì wa ní ìwà kan. Bí mo bá tẹ bọ́tìnì, á kọ́kọ́ yọ̀ díẹ̀ lórí púlì, á sì ké "hííín!" bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ nírù, kí ẹ̀rọ tó gbéra. Àǹtí kì í wo aago nítorí ẹ̀. Bí bẹ́líìtì bá ti ké láàárọ̀, ó mọ̀ pé mo ti dé. Bí kò bá ké, á yọrí lójú fèrèsé.

"Ẹnjiníà! Ṣé o ti kú ni, kí n wá ẹlòmíì?"

Ẹnjiníà ló ń pè mí. Tí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń pè é, ẹ ó mọ̀ pé kì í ṣe oyè.

Ọkùnrin kan wà ní ìparí àdúgbò tó ń ta béárìn, bẹ́líìtì àti gíríìsì. Ọ̀gá Béárìn ni gbogbo ayé ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti ní ilé tiwọn. Gbogbo béárìn tó bá tà ló máa ń fi ọ̀dà pupa sàmì sí lára, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé ti ẹlòmíì wá bá a jà.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Ọ̀gá Béárìn máa ń wá gbọ́ mọ́tò wa. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń gbọ́ ọ. Ṣe ni yóò gbé ẹnu sikirudíráfà lé ara mọ́tò, yóò fi ìdí rẹ̀ sétí, yóò sì di ojú. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún mọ́tò ẹni tí kò fẹ́?

Ìyá Aláyọ́ọ̀nù, obìnrin tó ń lọ aṣọ fún wa, ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀. "Àyà mọ́tò ló gbé etí sí," ó ní, "àyà Àǹtí ló ń gbọ́." Obìnrin yẹn kì í pa nǹkan kan mọ́ra àfi owó oṣù rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gá Béárìn yọ sikirudíráfà létí, ó ní, "Màdáàmù, mọ́tò yín wà lálàáfíà."

"Ẹ ṣeun, Ọ̀gá. Ẹni tó ni mọ́tò ńkọ́?"

"Ìyẹn, mi ò tíì láyà láti gbé sikirudíráfà lé e."

Háà! Àǹtí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ìyá Aláyọ́ọ̀nù gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí ìrọ̀rí òtẹ́ẹ̀lì, ó jó o. Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Mi ò tíì rí Àǹtí kó máa kọrin lórí àtẹ̀gùn rí ní gbogbo ọdún tí mo fi bá a gbé, àsìkò yẹn ni mo rí i.

Ọkùnrin náà kìlọ̀ fún mi o. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́jọ́ tí mo ń ráhùn pé igbe bẹ́líìtì ń dà mí láàmú, ó jókòó tì mí.

"Jẹ́ kó ké. Igbe ìṣẹ́jú àáyá kan ò pa ẹnikẹ́ni. Má fà á le. Ṣáàfù kì í ṣe èèkàn tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́. Àwọn tó ṣe mọ́tò ti sọ ìwọ̀n ẹrù tí ṣáàfù rẹ̀ lè gbà. Bí o bá gbé ìlọ́po méjì ẹrù kọ́ ọ lọ́rùn, ọjọ́ ayé béárìn ò ní já sí ìdajì o. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ni yóò kù."

"Mẹ́jọ kẹ̀? Kí ló dé tí kì í ṣe méjì?"

"Bi béárìn. Ìṣirò tirẹ̀ ló mọ̀. Púlì náà, jẹ́ kó sún mọ́ ara mọ́tò. Gbé korobá omi mọ́ àyà, kí o wá na apá kí o gbé korobá kan náà sí iwájú. Wò ó bóyá bákan náà ni."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́, etí mi ò ní àìsàn. Ìwà mi ló ń ṣòjòjò.

Ibi tí wàhálà ti wọlé nìyí. Kóòṣì ni ọ̀rẹ́ mi. Ó ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan. Wọn kì í borí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń dọ̀tí. Kóòṣì ti wá bá Àǹtí tẹ́lẹ̀ pé kó máa bá òun fọ jẹ́sì wọn, Àǹtí sì lé e dé títì.

"Aṣọ tí aláìsàn ń sùn lé ni mò ń fọ níbí," Àǹtí ní. "Ẹrẹ̀ kan ò gbọdọ̀ wọ inú ẹ̀rọ mi. Ìwọ Ẹnjiníà, ṣé o gbọ́?"

Mo gbọ́. Ẹ ti rí i pé mo máa ń gbọ́ dáadáa.

Ṣùgbọ́n Kóòṣì yí gba ẹ̀yìn, ó gbé àpò jẹ́sì dání. Òórùn àpò yẹn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ó ní òun á máa fún mi ní nǹkan tó dáa, òun á sì máa fi mí jókòó níwájú níbi eré gbogbo. Ẹ ò rí bí mo ṣe ya òpè? Iwájú níbi tí ẹgbẹ́ ẹni ti ń fìdí rẹmi!

"Ṣé kò sí ìgbà tí Àǹtí ẹ kì í ṣọ́ ẹ̀rọ yìí ni?"

"Ó máa ń sùn lọ́sàn-án lẹ́yìn oúnjẹ. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì á jí i."

Kóòṣì wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ tí wọ́n ń pè ní Ẹnjiníà, bẹ́líìtì ló ń dẹ́rù bà ọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Ká ní ó bú baba mi ni, ǹ bá rẹ́rìn-ín.

Mo mú sípánà. Mo tú bóòtù tó di mọ́tò mọ́ orí irin tó jókòó lé, mo sún mọ́tò sẹ́yìn kí bẹ́líìtì lè le. Púlì ń dí ọwọ́ mi lọ́nà, mo fà á jáde wá sí ṣóńṣó ṣáàfù, mo sún ti ẹ̀rọ náà kí méjèèjì lè bára mu. Mo tún fà. Mo fi ẹsẹ̀ ti ògiri, mo fà títí bẹ́líìtì fi ń dún "tín-ín" bí mo bá fi ìka ta á. Lẹ́yìn náà ni mo wá irin pẹlẹbẹ kan, mo fi bo gbogbo rẹ̀, mo ní nítorí ààbò àwọn òṣìṣẹ́ ni. Òṣìṣẹ́ wo? Èmi àti Ìyá Aláyọ́ọ̀nù.

Mo tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀rọ gbéra láìké láìfọhùn. Lókè, Àǹtí ń hanrun lọ ní tirẹ̀. Kóòṣì bọ̀ mí lọ́wọ́. Inú mi dùn, mi ò ní tàn yín jẹ. Mo rò ó pé mo ti gbọ́n ju gbogbo ilé yẹn lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àǹtí yọrí lójú fèrèsé. "Ẹnjiníà, ṣé o ò tíì dé ni?"

"Ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́, Àǹtí. Mo ti tún bẹ́líìtì ṣe. Kò ní ké mọ́."

Ó sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó. Ó fi ọwọ́ pa mí lórí bí ọmọdé. "O káre," ó ní. "Ọmọ mi ti di ẹnjiníà lóòótọ́." Ìyẹn nìkan ni ìgbà tó pe orúkọ yẹn láìfi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì gbà á, mo jẹ ẹ́ mì.

Jẹ́sì ń wọlé lọ́sàn-án, ó ń jáde kí Àǹtí tó jí. Ẹ̀yìn mọ́tò ni mo ti ń sá wọn, nítorí ibẹ̀ gbóná, ojú ò sì tó o. Bí ẹrẹ̀ bá ṣẹ́kù nínú ẹ̀rọ, mo máa ń fi omi ṣàn án. Gbogbo nǹkan ń lọ déédéé.

Àfi Ọ̀gá Béárìn. Ó dé pẹ̀lú sikirudíráfà rẹ̀, ó gbọ́ mọ́tò, ó ká ojú kò.

"Béárìn iwájú ń kùn."

"Ó ń kùn kẹ̀?"

"Bí ẹni tó ní ẹjọ́ nínú tí kò rí ẹni rò ó fún. Kí lo ṣe fún un?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan, sà."

Kò pẹ́ ni béárìn náà gbóná, ó hu bí ajá, ó sì kú, pẹ̀lú aṣọ ilé ìwòsàn nínú omi ọṣẹ. Béárìn yẹn ti wà nínú mọ́tò yẹn tipẹ́ láìṣe àìsàn. Àǹtí sáré sọ̀ kalẹ̀.

"Kí ló pa á?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo lè sọ pé ó ti gbó. Gbogbo nǹkan ló ń gbó, kò sẹ́ni tí yóò bi mí ní ìbéèrè. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ti là kí n tó rántí.

"Ayédèrú ni, Àǹtí."

"Ti Ọ̀gá Béárìn? Má dán an wò! Ọkùnrin yẹn ò lè ta ayédèrú."

Àmọ́ ó sọ ọ́ fún Ọ̀gá Béárìn, ó fi ẹ̀rín sọ ọ́. Ojú ọkùnrin náà fà ro. Ó ní béárìn lè lábùkù láti ilé iṣẹ́, ó gbé méjì tuntun fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ béárìn mọ́tò, méjèèjì ló ń pààrọ̀ pọ̀. Mo yọ ti iwájú, ó ti jẹ. Mo yọ ti ẹ̀yìn, kò ní àléébù kankan, ó ń yí bí ìgbà tí wọ́n rà á. Mo ní kí ni mo fẹ́ sọ èyí nù sí? Táyà tírólì tí Ìyá Aláyọ́ọ̀nù fi ń ti aṣọ tútù ti ń há, mo fi béárìn náà sí i.

Èyí tuntun náà kùn, òun náà kú. Mo ní, "Àǹtí, ẹ ò rí i?" Ọ̀gá Béárìn tún gbé méjì wá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ti ẹ̀yìn tún bọ́ sí táyà tírólì. Àwọn yẹn náà dé, ti iwájú tún kú, ní ọjọ́ tí ilé ìwòsàn kún fún aláìsàn, tí kò sí aṣọ kankan lórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Ilé ìwòsàn gbé aṣọ wọn lọ fún ẹlòmíì. Ìbínú Àǹtí kúrò ní kèrémí.

Ó wọ bàtà òdìkejì, ó gba títì lọ. Mo tẹ̀ lé e. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n mo tẹ̀ lé e. Oníbúrẹ́dì àti káfíńtà wà ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Béárìn, wọ́n ń ra nǹkan.

"Ọ̀gá!" Àǹtí kígbe láti ẹnu ọ̀nà. "Ọkùnrin tó bá ń ta ayédèrú béárìn fún obìnrin tó fẹ́ fẹ́, ṣé kì í ṣe ayédèrú ọkàn ni yóò gbé bá a wálé? Ẹ má dé ẹnu ọ̀nà mi mọ́!"

Ọ̀gá Béárìn dìde. Ó wò mí, kò wo Àǹtí. "Ẹnjiníà, ṣé o ò fa bẹ́líìtì yẹn?"

"Rárá, sà."

Oníbúrẹ́dì rọra gbé béárìn tó mú dání padà sórí káńtà. Káfíńtà ti jáde.

Ìyá Aláyọ́ọ̀nù kò ní rédíò, òun fúnra rẹ̀ ni rédíò. Kí aṣọ ọjọ́ yẹn tó gbẹ, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé ayédèrú ni ọjà Ọ̀gá Béárìn. Àwọn tó ti ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ ra tiwọn níbòmíì.

Àwa náà rà níbòmíì, ti ẹ̀yìn tó jáde tún di ti tírólì. Kò pẹ́, ti iwájú kú. Mo ní ibì kan náà ni gbogbo wọn ti ń kó o. Ti ẹ̀yìn, mo fi sí táyà tírólì tó kù, ó di mẹ́rin, tírólì wá ń lọ bí ẹni ń fò.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò dẹ bẹ́líìtì. Ǹjẹ́ bí mo bá dẹ ẹ́, kò ní ké? Bó bá ké, Àǹtí ò ní bi mí? Kóòṣì sì ti sọ fún mi pé ìdíje ń bọ̀. Kí n sọ èyí tó burú jù fún yín: apá kan ọkàn mi ń yọ̀. Bí ọkùnrin yẹn bá fẹ́ Àǹtí, òkè wa ni yóò máa gbé pẹ̀lú etí rẹ̀ yẹn, èmi àti jẹ́sì ti parí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n orin tán lórí àtẹ̀gùn. Àǹtí ṣì ń gòkè lọ dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án, mi ò gbọ́ ìhanrun mọ́. Lọ́jọ́ kan tí mo gbójú sókè, mo rí i lójú fèrèsé, ìparí àdúgbò ló ń wò. Ó rí mi, ó sọ̀ kalẹ̀ wá, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọmọ mi." Kò pè mí ní Ẹnjiníà. "Èmi àti ìwọ nìkan la wà níbí. Béárìn yẹn, ṣé ó dá ọ lójú pé ayédèrú ni?"

Ilẹ̀kùn nìyẹn, ó ṣí i sílẹ̀ gbayawu fún mi. Kí n kàn wọlé.

"Ó dá mi lójú bí ikú, Àǹtí."

Ó mi orí, ó padà sókè. Mo kórìíra ara mi lọ́jọ́ yẹn, síbẹ̀ mo fọ jẹ́sì.

Gbogbo ọjọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ọjọ́ olóhun dé ní òwúrọ̀ kan báyìí. Ọ̀gá Béárìn dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó wọ kóòtù, ó gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká.

"Màdáàmù, mi ò wọlé. Mo wá dágbére ni. Mo ti fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin ni mò ń lọ. Béárìn tó kú nìkan ni mo fẹ́ gbà, kí n fi ojú ara mi rí ohun tó lé mi kúrò níbí."

Ojú Àǹtí yí padà. "Ẹnjiníà, kó béárìn wọn fún wọn."

Mo kó o wá nínú agolo. Ó tú wọn sọ́wọ́.

"Ti iwájú nìkan nìyí. Méjì méjì ni mo gbé fún yín. Àwọn ti ẹ̀yìn dà?"

"Mo ti sọ wọ́n nù, sà."

Ẹnu mi ò tíì padé nígbà tí Ìyá Aláyọ́ọ̀nù gba ẹ̀yìn ilé yọ, ó fi ìka kan ṣoṣo ti tírólì tó kún dẹ́nu fún aṣọ tútù. "Ẹ yàgò lọ́nà o!" Ó rí Ọ̀gá Béárìn, ó fi tírólì sílẹ̀ kó lè rí ìran wò dáadáa. Ilẹ̀ wa dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Tírólì ò dúró. Ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́, kò dún pín-ín, ó kọjá lára mi, ó lọ fi orí sọ orúnkún Ọ̀gá Béárìn.

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀. Ó fi ìka yí táyà kan, táyà náà ń yí, ó ń yí, gbogbo wa ń wò ó. Ó rí ọ̀dà pupa lára mẹ́ta nínú mẹ́rin.

"Ta ló fi béárìn sí tírólì yìí?"

"Ẹnjiníà ni!" Ìyá Aláyọ́ọ̀nù dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó mí. "Ó ní wọ́n dára ju ohun tí èèyàn ń sọ nù lọ!"

Mo wo ilẹ̀ bóyá yóò lanu, ilẹ̀ ò dá sí i.

"Màdáàmù," Ọ̀gá Béárìn ní, "inú páálí kan náà ni mo ti mú wọn, ọjọ́ kan náà. Èyí tó wà lẹ́yìn mọ́tò ń gbé aṣọ tútù kiri ilé. Èyí tó wà níwájú kú. Ṣé ayédèrú mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn ni?" Ó na béárìn tó kú sí Àǹtí. "Ẹ wo inú rẹ̀. Apá kan ṣoṣo ló jẹ, ibi tí wọ́n ń fà á sí. Apá kejì ń dán. Ẹ jẹ́ kó ṣí irin yẹn."

"Mi ò rí sípánà," mo ní.

"Ó wà lápò ẹ̀yìn rẹ," Àǹtí dáhùn.

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ṣí irin. Púlì wà ní ṣóńṣó ṣáàfù bí ẹni tó fẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá Béárìn fi ìka ta bẹ́líìtì, ó dún "tín-ín". Ohun kan já bọ́ láti ẹ̀yìn irin náà, Àǹtí tẹ̀ba, ó mú un. Ìbọ̀sẹ̀ bọ́ọ̀lù ni, gígùn, ó gan fún ẹrẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ta nìyí?" Ó gbé e sókè. "Àbí àwọn aláìsàn ti ń gbá bọ́ọ̀lù báyìí?"

Ìyá Aláyọ́ọ̀nù fi aṣọ tútù di ẹnu. Orúnkún mi kan ilẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, láti orí Kóòṣì dé orí tírólì. Mo ń retí ìgbájú. Kò gbá mi.

"Mo bi ọ́," Àǹtí ní. Ohùn rẹ̀ kéré. "Èmi àti ìwọ nìkan la wà níbẹ̀. Mo pè ọ́ ní ọmọ mi, mo bi ọ́. O ní ó dá ọ lójú bí ikú."

Ẹ bá mi wá ìgbájú, ó sàn ju ìyẹn lọ.

Ọ̀gá Béárìn bọ́ kóòtù, ó fi kọ́ ìṣó. "Ẹ jẹ́ kí n ṣe mọ́tò yín kí n tó máa lọ." Ó yọ béárìn méjì tuntun nínú àpò rẹ̀, ó fi wọ́n sí i, ó ti púlì wọlé títí ó fi sún mọ́ ara mọ́tò, ó dẹ bẹ́líìtì, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò. Ó tẹ bọ́tìnì. "Hííín!" Bẹ́líìtì ké. Àǹtí bú sẹ́kún.

"Ọ̀gá, ẹ dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì yín, Màdáàmù. Ṣùgbọ́n ẹlòmíì ti gba ṣọ́ọ̀bù, ọmọ mi sì ń dúró dè mí." Ó wọ kóòtù rẹ̀. "Bí béárìn yìí bá kú, ẹ pè mí. Ibi yòówù kí n wà, màá wá."

"Bí kò bá kú ńkọ́?"

Ó wo mọ́tò, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bó ṣe wà yìí, kò ní kú bọ̀rọ̀." Ó sì lọ. Ó gbàgbé sikirudíráfà rẹ̀ sórí mọ́tò.

Àǹtí ò lé mi. Ó ní kí n lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, kí n fi ẹnu ara mi sọ pé irọ́ ni mo pa. Mo lọ. Oníbúrẹ́dì ní kí n tún un sọ, ìyàwó òun ò gbọ́. Káfíńtà ní òun ti mọ̀, irọ́ ni káfíńtà náà ń pa. Kóòṣì ní mo da òun. Ẹ gbọ́ ẹnu! Ọwọ́ ló fi ń fọ jẹ́sì wọn báyìí, wọn ò sì tíì borí.

Béárìn náà ń yí títí di òní. Láràárọ̀, lẹ́yìn tí bẹ́líìtì bá ké, Àǹtí máa ń sọ̀ kalẹ̀, á gbé sikirudíráfà yẹn lé mọ́tò, á fi sétí, á di ojú.

"Ó ń kùn bí?"

"Kò kùn, Àǹtí. Ara rẹ̀ le."

"Hẹn." Ojú rẹ̀ á rọ, á padà sókè.

Mo sọ fún un pé fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ pè wọ́n, kẹ́ ẹ kí wọn."

"Kí n ní kí ni? Mo lé ọkùnrin níwájú oníbàárà rẹ̀, kí n tún máa pè é pé ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta? Ó ní bí béárìn bá kú." Ó ń sọ ọ́, ó ń wo mọ́tò bí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ẹ̀kọ́ ìtàn mi nìyí o, mo sì fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀ níbí: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ẹ má fa bẹ́líìtì le. Mo ti búra pé mi ò ní fà á mọ́ láé. Ó kù díẹ̀ kí n fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí yín, ni Àǹtí wọlé lọ́sàn-án àná, ní àsìkò tó yẹ kó máa sùn. Ó wo ẹ̀yìn bóyá Ìyá Aláyọ́ọ̀nù wà nítòsí. Ó ti ilẹ̀kùn.

"Ẹnjiníà."

"Mà."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń fa bẹ́líìtì yẹn le?"

"Háà, Àǹtí! Kò dáa! Mo ti búra!"

"Mi ò bi ọ́ bóyá ó dáa. Bí o bá fi ìlọ́po méjì ẹrù kọ́ ọ, ìgbà wo ni yóò kú?"

"Ìdá kan nínú mẹ́jọ ọjọ́ ayé rẹ̀ ló máa lò, mà."

Ó ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Ó ka a tán, ó mi orí.

"Ìyẹn á pẹ́ jù," Àǹtí ní. "Fà á jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo na ọwọ́ sí àpò ẹ̀yìn mi, mo yọ sípánà.